Èèpo ìwé X-Men àti orírun wọn tó lọ́ pọ̀: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÒǹkàTuntun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Inú sinimá ni mo ti mọ X-Men, ẹgbẹ́ akọni tí ilé iṣẹ́ Marvel ń tẹ ìwé wọn, tí wọ́n bí agbára àràmàǹdà mọ́. Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní páálí kọ́míìkì kan, ti X-Men ló sì pọ̀ jù níbẹ̀: ti àwọn ọdún 1980, ti 1991, àti ọ̀kan tí wọ́n kọ Giant-Size sí lára. Mo ti ń kà wọ́n, ṣùgbọ́n ìtàn wọn kò bára mu. Ìwé kan ní Jean Grey ti kú, òmíràn ní kì í ṣe òun ló kú. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó dàgbà ju bàbá tó bí i lọ. Àwọn wo ló kọ́kọ́ wà nínú ẹgbẹ́ yìí gan-an? Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà? Àwọn èèpo ìwé náà tún wù mí gidigidi, mo fẹ́ mọ àwọn tó ṣe pàtàkì nínú wọn àti ìdí tí wọ́n fi ṣe pàtàkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Alàgbà Kọ́míìkì

Àbúrò, káàbọ̀. Kí o tó ṣe ohunkóhun, to àwọn ìwé náà bí oṣù àti ọdún ara wọn ṣe tẹ̀ léra. Má ṣe tò wọ́n bí ìgbésí ayé àwọn ènìyàn inú wọn ṣe lọ. Láti 1963 ni òǹkọ̀wé kan ti ń gba X-Men lọ́wọ́ òǹkọ̀wé mìíràn, ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn a máa padà lọ fi yàrá kún ilé tí ẹni ìṣáájú ti kọ́ parí. Bí o bá ní ìgbà èwe Wolverine, akọni tó ní èékánná irin lọ́wọ́, ni o fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2001 ni wàá kọ́kọ́ ṣí. Ọdún 1974 ni Wolverine ti wà. Gbogbo adùn ìwé 2001 yẹn wà nínú pé àwọn òǹkàwé ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n béèrè ibi tí ọkùnrin náà ti wá láìrí ìdáhùn.

Oṣù Kẹsàn-án 1963 ló wà lára èèpo nọ́ńbà 1. Stan Lee àti Jack Kirby ló ṣe é, sẹ́ǹtì 12 ni owó rẹ̀. Oṣù yẹn kan náà ló wà lára Avengers nọ́ńbà 1. Ọ̀dọ́ márùn-ún ni wọ́n: Cyclops, Angel, Beast, Iceman, àti Marvel Girl tí í ṣe Jean Grey. Professor X ni olùkọ́ wọn. Magneto ni ọ̀tá tí wọ́n dojú kọ lára èèpo náà, òun nìkan ní apá ọ̀tún. Iceman ìgbà yẹn kò tíì ní ara yìnyín tó ń dán, yìnyín fúlẹ́fúlẹ́ funfun ló bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

Ohun tó máa ń ya ẹni tuntun lẹ́nu ni pé ìwé yẹn kò sọ ibi tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin náà ti wá. Wọ́n ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, Jean nìkan ló dé lọ́jọ́ náà. Ó di nọ́ńbà 38, ní ìparí 1967, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú ewé díẹ̀ sọ́tọ̀ ní ìparí ìwé láti sọ bí Professor ṣe rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, láti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orírun ẹgbẹ́ yìí lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ ti wà.

Ìwé náà kò tà. Ìtàn tuntun dúró ní nọ́ńbà 66, Oṣù Kẹta 1970. Bí o bá rí èyíkéyìí láti 67 dé 93 nínú páálí rẹ, àtúntẹ̀ ìtàn àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n má wá ìtàn tuntun níbẹ̀.

ÒǹkàTuntun

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Èyí tí wọ́n kọ Giant-Size sí ńkọ́? Àwọn ènìyàn kan ń fa bébà ya jáde níwájú rẹ̀.

Ayàwòrán Èèpo

Ẹ jẹ́ kí n gba èyí, nítorí èèpo ìwé yẹn ló mú mi mú pẹ́ńsù.

Giant-Size X-Men nọ́ńbà 1, Oṣù Karùn-ún 1975. Len Wein ló kọ ọ́, Dave Cockrum ló ya inú rẹ̀. Gil Kane ló fi pẹ́ńsù ya èèpo, Cockrum sì fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n ya ẹgbẹ́ àtijọ́ sí ẹ̀yìn, ẹ̀rù wà lójú wọn, àwọn ẹni tuntun sì ń fa àwòrán náà ya bọ̀ wá sí iwájú. Ẹni tí kò tíì ka ìwé X-Men kankan rí máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kó tó ṣí i. Láti 1970 wọn kò rí ìtàn tuntun tẹ̀, èèpo kan ṣoṣo yìí ló gbé ìwé náà dìde. Nínú ìtàn, erékùṣù kan tó ní ẹ̀mí, Krakoa, gbé ẹgbẹ́ àtijọ́ mì, Professor sì lọ kó àwọn mìíràn jọ kárí ayé láti gbà wọ́n sílẹ̀: Storm láti Kẹ́ńyà, Nightcrawler láti Jámánì, Colossus láti Soviet, Wolverine láti Kánádà, Banshee ọmọ Ireland, Sunfire ọmọ Japan, àti Thunderbird, ọmọ Apache.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn èèpo mọ̀. Ìbòjú Wolverine tí gbogbo ayé mọ̀, tó ní etí dúdú gígùn méjì yẹn, Kane ṣèèṣì yà á bẹ́ẹ̀ lórí èèpo yìí ni. Bí wọ́n ṣe yà á nínú ìwé Hulk níbi tó ti kọ́kọ́ jáde kò rí bẹ́ẹ̀. Cockrum rí i, ó dùn mọ́ ọn, ló bá lọ tún gbogbo ojú ewé inú ìwé ṣe kí ó lè bá èèpo mu. Èèpo ló yí ènìyàn inú ìtàn padà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èèpo kò ju ìpolówó lọ, ẹ fi èyí dá a lóhùn.

Àwọn mìíràn tí o níláti wò dáadáa bí wọ́n bá wà nínú páálí rẹ:

Nọ́ńbà 100, 1976. Ẹgbẹ́ tuntun ń bá ẹgbẹ́ àtijọ́ jà. Nínú ìwé, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe lójú àti lára àwọn ti àtijọ́ ni wọ́n ń bá jà. Ó dára kí o mọ̀ pé èèpo Marvel máa ń ṣe báyìí: ohun tó wà lójú rẹ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí o ṣe rò ó.

Nọ́ńbà 101, èyí tó tẹ̀ lé e. Cockrum ló yà á. Jean yọ láti inú omi ní aṣọ tuntun, ọwọ́ rẹ̀ nà sókè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú omi nísàlẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe gba gbogbo àárín.

Nọ́ńbà 136, 1980, láti ọwọ́ John Byrne. Cyclops gbé Jean tó ti dákú sọ́wọ́. Àyè tó wà yí wọn ká ló ń pa mí lẹ́kún.

Nọ́ńbà 141, Oṣù Kìíní 1981. Byrne àti Terry Austin. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Wolverine tó ti ń hewú àti obìnrin kan fẹ̀yìn ti ògiri, iná ìṣọ́ tàn sí wọn lára. Ìwé ìkéde ńlá kan wà lára ògiri náà pẹ̀lú fọ́tò àwọn ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n kọ ọ́ sí ojú àwọn kan pé wọ́n ti pa wọ́n, sí ojú àwọn mìíràn pé wọ́n ti mú wọn. Kò sí ẹni tó ń ju ẹ̀ṣẹ́. Kò sí ọ̀tá kankan lójú èèpo. Ìbẹ̀rù nìkan ni wọ́n yà, àwọn ayàwòrán sì ti fara wé e láìmọye ìgbà láti ìgbà náà.

Alálàyé Summers

Ọkùnrin tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ, Cable nìyẹn. Ìtàn rẹ̀ ṣeé tẹ̀ lé bí a bá mú un láti ọ̀dọ̀ Jean wá.

Ní nọ́ńbà 100 tí ẹ̀gbọ́n ayàwòrán dárúkọ, Jean wa ọkọ̀ òfuurufú padà sí ayé, ó gba inú ìtànṣán olóró kọjá kí àwọn yòókù má bàa kú. Ní 101 ó jáde láti inú omi Jamaica Bay ní New York, ó ní Phoenix ni òun. Agbára náà wá gùn ún kọjá ààlà. Ní nọ́ńbà 135 ó jẹ ìràwọ̀ kan run, ayé tó ń yí ìràwọ̀ náà ká kú pẹ̀lú bílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn. Ní 137, Oṣù Kẹsàn-án 1980, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lórí òṣùpá.

Chris Claremont tó ń kọ ìwé náà àti Byrne tó ń yà á kò kọ́kọ́ gbèrò pé kó kú. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n gba agbára rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Jim Shooter, olóòtú àgbà Marvel nígbà náà, ló ní ẹni tó pa odindi ayé kan run kò lè padà sílé bẹ́ẹ̀. Òpin tí wọ́n kọ́kọ́ yà wà, Marvel tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́tọ̀ ní 1984. Wá a kà, kí o fi àwọn méjèèjì wéra.

Ní 1986, Marvel fẹ́ kó àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ jọ sínú ìwé tuntun, X-Factor. Jean sì ti kú. Èrò tí òǹkọ̀wé Kurt Busiek mú wá ni wọ́n lò: nínú Avengers nọ́ńbà 263 wọ́n rí nǹkan kan nísàlẹ̀ Jamaica Bay, nínú Fantastic Four nọ́ńbà 286 wọ́n ṣí i, Jean ló wà nínú rẹ̀, ó ti ń sùn láti ọjọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú já. Agbára Phoenix ló gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀, òun ló pa ìràwọ̀, òun ló kú. Ìdí nìyẹn tí ìwé rẹ kan fi ní ó ti kú, tí èkejì fi ní kì í ṣe òun. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ọdún tí wọ́n tẹ̀ wọ́n ló yàtọ̀.

Nígbà tí gbogbo ayé gbà pé Jean ti kú, Cyclops ti fẹ́ obìnrin kan tó jọ ọ́, Madelyne Pryor, ní nọ́ńbà 175, 1983. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan, Nathan. Jean padà, Cyclops fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Títí di òní, mi ò lè ka ojú ewé yẹn kí inú mi má bàjẹ́. Ní 1989 ni wọ́n ṣàlàyé pé Mister Sinister, ọ̀tá X-Men kan, ló ṣẹ̀dá Madelyne láti ara Jean. Ní X-Factor nọ́ńbà 68, Oṣù Keje 1991, àìsàn kan tí ọ̀tá mìíràn, Apocalypse, fi sára ọmọ náà mú kí wọ́n gbé e lọ sí ọjọ́ iwájú láti gba ìwòsàn. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti jagun, ó sì padà wá sí àkókò bàbá rẹ̀ pẹ̀lú irun funfun. Òun ni Cable.

Ẹ wá wo ọjọ́ o. Oṣù Kẹta 1990 ni Cable ti wà nínú New Mutants nọ́ńbà 87. Ọmọ kò tíì lọ, àgbàlagbà ti dé. Wọ́n kọ́kọ́ ya jagunjagun kan láìsọ ẹni tó jẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá orírun fún un. Ohun tí Alàgbà ń sọ gan-an nìyí: bí o bá kà á bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, ìwọ náà máa béèrè ta ni ọkùnrin yìí, wàá sì rí ìdáhùn ní àsìkò tó yẹ.

Alàgbà Kọ́míìkì

O ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé 1986 ba nọ́ńbà 137 jẹ́. Ọmọbìnrin kan wo ohun tó ṣe, ó ní òun kò ní dúró kí òun tún ṣe é, ó sì san án pẹ̀lú ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí o bá wá ní kì í ṣe òun, ta ló ronú pìwà dà? Mo ka 137 nígbà tó jáde, a fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jiyàn lé e lórí.

Alálàyé Summers

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tí mo rí ni pé 1986 fún wa ní Madelyne tó di obìnrin gidi, tó ní ìbínú tó yè kooro. Láìsí ìpadàbọ̀ Jean, arẹwà inú fọ́tò lásán ni ì bá jẹ́. Ọmọ náà sì di Cable. Ẹni tó bá fẹ́ dúró ní 137, kó dúró níbẹ̀, ìtàn náà pé. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, ọ̀nà ṣí sílẹ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un nítorí Giant-Size tó wà lọ́wọ́ ÒǹkàTuntun. Ní ìparí 2005, òǹkọ̀wé Ed Brubaker bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tó ń jẹ́ Deadly Genesis. Ó ní kí Professor tó lọ kó Storm àti àwọn yòókù jọ, ó ti kọ́kọ́ rán ẹgbẹ́ mìíràn lọ sí Krakoa: ọmọ mẹ́rin tó wà lọ́dọ̀ Moira MacTaggert, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí í ṣe ọ̀rẹ́ Professor, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Petra, Sway, Darwin àti Vulcan. Wọn kò padà. Professor sì pa iyè Cyclops rẹ́ kó má bàa rántí. Vulcan yìí wá jẹ́ àbúrò Cyclops, ẹ̀kẹta àwọn ọmọ Summers, orúkọ ìdílé Cyclops. Nítorí náà, àwọn tó ń fa bébà ya lórí èèpo 1975 yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ kejì mọ́, ẹ̀kẹta ni wọ́n. Èèpo kò yí padà rárá, ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló yí. Jọ̀ọ́, má ka Deadly Genesis kí o tó ka 1975. Ohun tó ń dunni nínú rẹ̀ kò ní dùn ọ́.

Ìyá Ororo

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ Jean láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Storm.

Nínú Giant-Size nọ́ńbà 1, ní Kẹ́ńyà ni Professor ti bá a. Àwọn ará ibẹ̀ ń sìn ín bí òrìṣà nítorí pé ó ń rọ òjò fún wọn. Ó dà bíi pé wọn kò tíì pàdé rí. Ní nọ́ńbà 102, Oṣù Kejìlá 1976, Claremont sọ ibi tó ti wá: New York ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ jẹ́ ayafọ́tò ìròyìn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba láti Kẹ́ńyà. Wọ́n kó lọ sí Cairo. Ọkọ̀ òfuurufú já lu ilé wọn nígbà ogun Suez 1956, òbí rẹ̀ méjèèjì kú, òun nìkan ló wà lábẹ́ àwókù pẹ̀lú òkú ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ibi tóóró ti wọ̀ ọ́ lára. Ó di ọmọ jáwójáwó ní ìgboro Cairo kó tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí gúúsù. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà 117, 1979, ní Professor ti rí ọmọ náà ní Cairo tẹ́lẹ̀: òun ló jí i lówó! Ní ìparí 1980, Marvel Team-Up nọ́ńbà 100 fi kún un pé ó pàdé Black Panther nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì kéré. Láti inú ìyẹn ni ìgbéyàwó wọn ní 2006 ti ṣẹ̀, wọ́n sì tú u ká ní 2012.

Ìmọ̀ràn mi nípa 1956 ni pé kí o má fi ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Ní 1975, ó bá ọ̀dọ́bìnrin mu. Lónìí, ìyá àgbà ló yẹ kó jẹ́. Gbogbo wọn ni ọjọ́ orí wọn ń sún síwájú bẹ́ẹ̀, àfi Magneto, nítorí wọ́n ti so tirẹ̀ mọ́ Auschwitz, àgọ́ tí àwọn Nazi ti pa àwọn Júù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ tú u.

ÒǹkàTuntun

Ẹ ṣé, mà. Ṣé láti ara Ọya ni wọ́n ti mú Storm? Ẹ̀fúùfù, ìjì, mànàmáná, obìnrin tí wọ́n ń sìn.

Ìyá Ororo

Gbogbo wa la máa ń rí Ọya lára rẹ̀, mo sì fẹ́ràn láti rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀ yàtọ̀. Cockrum ti ya obìnrin kan tó ń di ológbò sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tuntun náà, ó sì ní ẹlòmíràn tó ní agbára ojú ọjọ́. Àwọn akọni ológbò ti wá pọ̀ jù ní ọjà nígbà náà, ó bá pa àwọn méjèèjì pọ̀. Wo ojú Storm nínú àwọn èèpo ìbẹ̀rẹ̀, wàá rí ológbò náà níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fún ní orúkọ Ọya ni Idie Okonkwo, ọmọdébìnrin láti Nàìjíríà, tó kọ́kọ́ jáde nínú Uncanny X-Men nọ́ńbà 528 ní 2010. Orúkọ ilé rẹ̀ jẹ́ ti Igbo, orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti òrìṣà wa. Agbára rẹ̀ ni pé ó ń gba ooru níbì kan fi sí ibòmíràn: iná ní ọwọ́ kan, yìnyín ní èkejì. Inú mi ì bá dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní àwọn tó kọ ọ́ béèrè lọ́wọ́ àwa tó ni orúkọ náà, nítorí ẹ̀fúùfù ni ti Ọya. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré ọmọ náà. Nínú ìtàn Schism, 2011, ohun tó ṣe láti gba àwọn ènìyàn là ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Cyclops àti Wolverine tí ẹgbẹ́ fi pín sí méjì. Ní 2024 ó padà sínú ẹgbẹ́ Cyclops, Temper ni wọ́n ń pè é báyìí. Bí o bá rí èèpo tó wà lára rẹ̀, rà á. Wọn kò pọ̀.

Ará Peckham

Ẹ kú àtàárọ̀. London ni mo wà, ìwé àtijọ́ ni mo ń rà tí mo sì ń tà, jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ àti ojú.

Àbúrò ÒǹkàTuntun, kọ́kọ́ wádìí bóyá Giant-Size rẹ jẹ́ ti 1975 tàbí àtúntẹ̀. Marvel máa ń ṣe àtúntẹ̀ tó jọ ti àtijọ́ pátápátá, títí dé orí àwọn ìpolówó inú rẹ̀. Ti 1975 kò ní kóòdù onílà-ílà lára. 1976 ni Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìyẹn. Ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀. Fọwọ́ kan bébà náà pẹ̀lú: ti àtijọ́ máa rọ̀, etí rẹ̀ á ti pọ́n, á sì máa rùn bí ìwé ìròyìn àtijọ́.

X-Men nọ́ńbà 1 ti 1991, ìbẹ̀rẹ̀ ìtòlẹ́sẹẹsẹ tuntun tí Claremont àti Jim Lee ṣe, ní èèpo márùn-ún. Bí o bá to mẹ́rin àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n di àwòrán kan ṣoṣo. Magneto ló gba ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀karùn-ún ṣeé ṣí gbọọrọ, gbogbo àwòrán náà ló wà lára rẹ̀. Dọ́là 1.50 ni wọ́n ta àwọn mẹ́rin, 3.95 ni ẹ̀karùn-ún. Ó ju mílíọ̀nù 8 ẹ̀dà lọ, òun ló wà nínú ìwé Guinness gẹ́gẹ́ bí kọ́míìkì tó tà jù. Nítorí náà, má gbà kí ẹnikẹ́ni tà á fún ọ lówó ńlá pé ó ṣọ̀wọ́n. Rà á nítorí pé ó rẹwà, kí o sì gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ sára ògiri. Bákan náà ni nọ́ńbà 25 ti ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn, Oṣù Kẹwàá 1993, tó ní àwòrán hologram kékeré tó ń yí bí o bá yí ìwé. Inú rẹ̀ ni Magneto ti fa irin jáde kúrò lára Wolverine. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, nínú Wolverine nọ́ńbà 75, ni a rí i pé egungun ni èékánná rẹ̀ láti ilẹ̀ wá.

Fún àwọn ti ọdún 1980, wo àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ èèpo. Bí kóòdù bá wà níbẹ̀, ìsọ̀ ìwé ìròyìn ni wọ́n ti tà á. Bí àwòrán bá wà níbẹ̀, ojú Spider-Man lọ́pọ̀ ìgbà, ṣọ́ọ̀bù kọ́míìkì ló ti wá. Ti ìsọ̀ ìwé ìròyìn ṣòro láti rí ní ipò tó mọ́, nítorí ọwọ́ púpọ̀ ti ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain, ẹ lè rí ti àwọn ọdún 1960 tí owó ara rẹ̀ jẹ́ 9d (pẹ́nnì àtijọ́ mẹ́sàn-án) dípò sẹ́ǹtì 12. Amẹ́ríkà náà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé àtúntẹ̀ ni.

Ayàwòrán Èèpo

Kí n fi ti ìtọ́jú kún un, nítorí oòrùn àti ọ̀rinrin Èkó kì í jẹ́ kí yíǹkì pupa àti òféèfèé pẹ́. Àpò ike tí wọ́n ṣe fún kọ́míìkì, pákó bébà tí kò ní ásíìdì lẹ́yìn rẹ̀, kí o sì gbé wọn dúró nínú páálí, má tẹ́ wọn léra wọn. Jìnnà sí ògiri tó ń tutù. Wo píìnì àárín ìwé lóṣooṣù bóyá ó ti ń dógùn-ún. Má fi sẹ́lótéèpù lẹ ohunkóhun tó bá ya, ó sàn kó wà bẹ́ẹ̀.

ÒǹkàTuntun

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ní wọ́n so Magneto mọ́ Auschwitz. Ṣé láti 1963 ni? Àti Nightcrawler: ìwé kan ní Mystique ni ìyá rẹ̀, ẹnìkan ní sinimá sì sọ fún mi pé Mystique ni bàbá rẹ̀.

Alálàyé Summers

Rárá, kì í ṣe láti 1963. Ọ̀tá lásán ni Magneto nígbà náà, kò ní ẹ̀yìn kankan. Nọ́ńbà 150, Oṣù Kẹwàá 1981, ni Claremont ti mú un wá síbẹ̀: Magneto fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Kitty Pryde, ọmọbìnrin Júù kékeré, ó wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó bá rántí àgọ́ Auschwitz tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kú sí. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ṣeé kórìíra pátápátá mọ́. Ìwé ìgbà èwe rẹ̀ jáde ní 2008, ibẹ̀ ni a ti gbọ́ pé Max Eisenhardt ni orúkọ rẹ̀.

Bí o bá rí Quicksilver àti Scarlet Witch lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fara balẹ̀. Ní nọ́ńbà 4, 1964, ọmọ abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n. Ní 1974 wọ́n ní ọmọ àwọn akọni ìgbà ogun méjì kan ni wọ́n. Ní 1983 wọ́n di ọmọ Magneto fúnra rẹ̀. Ní 2014 wọ́n ní kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ọdún tó wà lára èèpo ló máa sọ èyí tí o gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ bí o bá ń kà á.

Ti Nightcrawler, òótọ́ ni ẹni yẹn sọ. Ní 2003 wọ́n ní ẹ̀mí burúkú kan, Azazel, ni bàbá rẹ̀, Mystique sì ni ìyá. Ní ìparí 2023, X-Men Blue: Origins sọ pé Mystique, tó lè gbé àwọ̀ tó bá wù ú wọ̀, ni bàbá, Destiny, ìyàwó rẹ̀, ló sì bí ọmọ náà. Ohun tí Claremont ti fẹ́ kọ láti àwọn ọdún 1980 nìyẹn, wọn kò gbà fún un. Lójú mi, òun ni èyí tó dára jù nínú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí orírun ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yìí, nítorí bí o bá padà lọ ka àwọn ìwé àtijọ́, bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà bá a mu.

Alàgbà Kọ́míìkì

Àbúrò, bí o bá fẹ́ kà á tẹ̀ léra láìra ìwé àtijọ́ tó wọ́n, ètò Marvel Unlimited lórí fóònù ní gbogbo èyí tí a dárúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, o kàn máa san owó oṣù. Giant-Size nọ́ńbà 1, lẹ́yìn náà nọ́ńbà 94 dé 143 láìfo ọ̀kankan. Nígbà tí o bá dé 95, tí Thunderbird kú, padà lọ wo ibi tó wà lórí èèpo Giant-Size. Lẹ́yìn 143, sọ fún wa, a ó mú ọ wọ 150 dé 201. Àwọn márùn-ún ti 1963 lè dúró dìgbà náà.

Ará Peckham

Kí o tó gbé Giant-Size náà sínú àpò, ya fọ́tò iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́, kí o fi wọ́n síbí. Yà á níta, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, má lo iná fóònù. Mo fẹ́ rí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ibi tí píìnì wà.